Ẹni Kẹrin

Ìwé Mùsé Bíáù, páálí ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹrà.
Ìlà mẹ́ta péré ló máa ń fà fún ìdíje kan:
wúrà, fàdákà, idẹ.
Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ojú ewé mìíràn.

Ní 1920, ó kọ ọ́ síbẹ̀, àwọn ará Fíńláńdì
kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sílé.
Ó fi báírò pupa kọ ọ́ sí etí ìwé:
*ẹni kẹrin náà, ará ibẹ̀ ni.*
Kò kọ orúkọ rẹ̀.

Ṣábẹ̀ ni àwa, lẹ́yìn ibùdókọ̀ rélùwéè,
níbi tí koríko ti gba àárín irin.
A kò ní téèpù. Ìdábùú ojú irin la fi ń wọn jíjù.
Mùsé ní ìdábùú mẹ́ta ló tó mítà méjì;
ẹ bá mi ṣírò rẹ̀:
àádọ́fà ìdábùú
ni Wọ̀rú ẹ̀gbọ́n mi jù láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ là wá létè,
pẹ̀lú ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi páìpù omi rọ,
tó wúwo ju ti àwọn òyìnbó lọ.

"Ní 1984," Mùsé a máa wí, á fi ẹfun yàwòrán sílẹ̀,
"ẹnìkan jù ú ní Bẹ̀líìnì,
ó kọjá mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún mítà.
Ẹ̀rù ba àwọn aláṣẹ: pápá ti fẹ́ kúrú ju apá lọ.
Wọ́n sún ìwúwo ọ̀kọ̀ síwájú, kó lè tètè dorí kodò,
wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìwé mìíràn.
Apá ò ṣẹ̀, ọ̀kọ̀ ò ṣẹ̀."
Á wá dìde, á gbọn ẹfun lọ́wọ́:
"Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀ láti 1996,
pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà méjìdínláàádọ́ta.
Ó jókòó bí àpáta Ṣábẹ̀. Wọ̀rú, tún un jù."

Bàbá fún un ní ọkọ́, ó mú ọ̀kọ̀.
Ìyá ní kí n wá ọkọ,
ọ̀kọ̀ ni mò ń sáré tọ̀ lẹ́yìn.
Ọkọ̀ ojú irin tí ì bá gbé e dé Kútọnú kò kọjá mọ́;
ọkọ̀ tó ń kó ìrèké ló bá lọ,
ẹnu ọ̀kọ̀ yọ síta lẹ́yìn,
bí ìka ẹni tó ń dágbére.

Rédíò la gbọ́ ọ.
Orúkọ kan, orúkọ kejì, orúkọ kẹta,
lẹ́yìn náà, iye tí wọ́n ń ra òwú lọ́dún yìí.
Ìka mẹ́ta ni idẹ fi ta á yọ.
Mùsé fa ìlà mẹ́ta, ó kọ orúkọ mẹ́ta,
ọwọ́ rẹ̀ tó dára yẹn.
Ó wò mí. Ó pa ìwé dé.

Èmi? Èmi ni mò ń fa ọ̀kọ̀ tu.
Bó bá jù ú lógún ìgbà,
mo rìn lọ lógún ìgbà, mo rìn bọ̀ lógún ìgbà,
nínú ẹ̀ẹ̀mọ́, nínú ìrì,
fún ọdún mẹ́fà.
Ọ̀kọ̀ mọ̀ ọ́n fò lọ. Kò mọ̀ ọ́n fò bọ̀.

Mùsé ti kú. Ìwé ti di tèmi.
Wọ̀rú ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ ṣúgà lóru;
èjìká rẹ̀ a máa ro ó bí òjò bá ń bọ̀.
Ọ̀kọ̀ náà wà lẹ́yìnkùlé mi,
òun ló gbé okùn aṣọ dúró.

Lánàá mo fi rúlà fa ìlà kẹrin sábẹ́ gbogbo rẹ̀.
Ti 1920, mo kàn kọ pé: ó wà níbẹ̀.
Ti Kútọnú, mo kọ Wọ̀rú,
mo sì fi lẹ́tà kékeré kọ ti ẹni tó ń fa ọ̀kọ̀ tu sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
títí ààyè fi tán.
Òjò ti ṣú lórí òkè.
Mo ní aṣọ láti ká.